Ọba tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè: ní Ìjẹ̀bú wo?

Láti ìgbà tí Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ti wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025, kò sí ìnáwó tí mo lọ ní Ìjẹ̀bú tí wọn ò ti fa ọ̀rọ̀ ọba yọ lábẹ́ àtíbàbà. Ìyẹn dáa, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa ń já sí ló ń bí mi nínú. Èyí tó kẹ́yìn ni ti ìkómọ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ti yó dáadáa, tí fìlà ẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbá tábìlì: "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nígbà àwọn bàbá wa, ọba bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ẹni tó bá jiyàn, orí ẹ̀ ló ń bá a lọ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ìlú fi tòrò. Agbára tí wọ́n bá lè bi léèrè, kì í ṣe agbára." Gbogbo tábìlì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tiẹ̀ fi kún un pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó ṣe ààrẹ Nàìjíríà.

Ó ti sú mi. Irọ́ ni. Tó bá jẹ́ pé ará ibòmíràn ló ń sọ ọ́, màá ní kò mọ̀ ni. Àmọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú! Níbi tí wọ́n ti fi ìmọ̀ràn dè ọba lọ́wọ́ dè é lẹ́sẹ̀ látayébáyé, kí ọmọ ibẹ̀ wá máa sọ pé ọba ilé wọn ń dá ṣe bó ṣe wù ú.

Ẹ jẹ́ ká mú Ìjẹ̀bú Òde, kí òyìnbó tó dé. Awùjalẹ̀ wà láàfin. Àwọn Ìlámùrẹ́n wà, àwọn ìjòyè ńlá tó jẹ́ pé Ọlísà ń bẹ lára wọn. Òṣùgbó wà ní ìlédì. Pàm̀pá wà, tiwọn ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í ṣe ìjòyè, àwọn ọlọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n máa ń kó lọ sógun. Àwọn Odì wà, àwọn ará ààfin. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpàdé tiẹ̀ àti olórí tiẹ̀. Òṣùgbó ló ń gbẹ́jọ́ tó bá le, títí kan ọ̀ràn ẹ̀mí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á tún un gbé kalẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá fẹnu kò ni ọ̀rọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ọba, kí ọba fi ohùn tiẹ̀ sí i. Ẹnu ọba ni òfin ti ń jáde, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Rẹ́mọ náà. Ìlú tó bá ti tó ìlú ní ìlédì tiẹ̀, Ìpéru, Òde Rẹ́mọ, Ìṣarà, Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ka ìyókù fúnra yín.

Wọ́n á ní ṣebí Awùjalẹ̀ ayé ọjọ́un kì í jáde, ṣebí ẹ̀yìn aṣọ ló ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ẹ̀ ń ba gbogbo ayé. Òótọ́ ni pé ẹ̀yìn aṣọ ló wà. Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tí kò lè yọjú sọ́jà, tí kò lè lọ kí ọ̀rẹ́, tí kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níta àfi èyí tí àwọn tó yí i ká bá rí i pé ó yẹ kó gbọ́, tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba ẹnu ẹlòmíràn kó tó dé etí ìlú: ta ló mú ta ní ẹrú níbẹ̀? Èmi ò rí ọ̀gá aláṣẹ kankan nínú ìyẹn. Ẹni tí ìlú gbé sí ibi gíga tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ni mo rí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìtàn ọba kan péré tó láti parí àríyànjiyàn yìí, mi ò sì mọ ìdí tí wọn kì í fi í sọ ọ́ lábẹ́ àtíbàbà. Awùjalẹ̀ Adémúyẹ̀wò Afìdípọ̀tẹ̀. Kì í ṣe ọba ọ̀lẹ, kì í ṣe ọba tó kàn gùn oyè lánàá. Ó ti pẹ́ lórí ìtẹ́ nígbà tí wàhálà Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1877, èyí tó di ogun Kírìjì, tí wọn ò sì tú ibùdó ẹ̀ ká pátápátá títí di 1893. Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ bí òwò ṣe ń lọ nígbà náà máa mọ̀ pé títi ọ̀nà yẹn kì í ṣe eré. Ibọn, ẹ̀tù, iyọ̀, aṣọ, gbogbo ohun tó ń ti Èkó bọ̀, orí ọ̀sà ló ń gbà dé ọjà Ẹ̀jìnrìn. Ìjẹ̀bú ló ń rà á níbẹ̀, Ìjẹ̀bú náà ló ń rù ú lọ tà fún àwọn ará òkè. Kò sí ará òkè tó lè kọjá lọ sétí òkun fúnra ẹ̀, kò sì sí ará Èkó tó lè kọjá sókè. Àárín ni a jókòó sí, àárín yẹn ló ń bọ́ wa.

Nítorí náà, tí ẹ bá ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, ebi ẹ̀tù á pa Ìbàdàn lóòótọ́, àmọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú náà á jókòó ti ẹrù tí kò rí ẹni rà á. Ọdún kan lọ, òmíràn lọ. Àwọn èèyàn ní ká bá Ìbàdàn sọ ọ́, ká jẹ́ kí ọ̀nà ṣí. Ọba fárígá. Ó ní òun kò ní bá Ìbàdàn rẹ́ níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ Ààrẹ Látòósà ló ń darí wọn.

Ó dáa. Ọba ti sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀kọ́ onífìlà yẹn bá jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú wà ní ibùdó ní Òrù, Balógun Onáfowókàn ni olórí wọn, àwọn náà sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn tán. Àwọn tó wà nílé tí òwò wọn ti kú dúró tì wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1883, wọ́n sọ ọ́ di dandan fún ọba pé kó fi Ìjẹ̀bú Òde sílẹ̀. Ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Kò padà wá jókòó sórí ìtẹ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Kò sí òyìnbó níbẹ̀. Kò sí gómìnà, kò sí ilé-ẹjọ́ gíga, kò sí ìwé òfin kankan. Awùjalẹ̀ ni, ọmọ ogun Awùjalẹ̀ ló sì lé e kúrò nílé, nítorí ó di agbára mú fún ohun tí ìlú ti sọ pé àwọn kò fẹ́ mọ́. Èyí tó sì wú mi lórí jù ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Wọn ò ní kí ìlú wà láìsí ọba. Wọ́n mú ọmọ oyè mìíràn, Abókì Tunwáṣe, wọ́n fi jọba, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún èyí tó lọ. Ẹni tó bá rò pé ìlú tó ń bi ọba léèrè kò bọ̀wọ̀ fún ọba, kó lọ bá ìran yẹn sọ ọ́.

Tunwáṣe náà ló wà níbẹ̀ nígbà ogun Ìmàgbọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Denton tó ń di ipò gómìnà Èkó mú wá sí Ìjẹ̀bú Òde pẹ̀lú ẹ̀bùn, ó ní ká ṣí ọ̀nà. Ìlú ní àwọn kò gba ẹ̀bùn, ọ̀nà kò sì ní ṣí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1892, aṣojú Ìjẹ̀bú lọ bá Gómìnà Carter ní Èkó, wọ́n sọ̀rọ̀ àdéhùn, Gẹ̀ẹ́sì ní òun á máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Kò pẹ́ tí Carter fi ní Ìjẹ̀bú ti yẹ àdéhùn. Nígbà tó máa fi di oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ilẹ̀ wa, wọ́n jà ní Ìmàgbọn, wọ́n jà létí odò Yemọjí, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú Òde. Ohun tí ìtàn fi lé wa lọ́wọ́ ni pé Tunwáṣe fúnra ẹ̀ kò fẹ́ ogun yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ológun ló ní àwọn á jà. Wọ́n sì jà. Ọba kò lè dá wọn dúró.

Mo gbà pé nínú ọ̀ràn yẹn, ọba ló ríran jù, àwọn tó borí ẹ̀ ló kó ìlú lọ síwájú ìbọn Maxim. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ìyẹn mú mi. Àmọ́ ohun tí a ń jà lé lórí kọ́ ni pé ta ló gbọ́n jù. Ohun tí a ń jà lé lórí ni bóyá ọba lè dá pàṣẹ. Kò lè dá pàṣẹ. Kódà láti gba ìlú lọ́wọ́ ikú, kò lè dá a pa.

Ibo wá ni ọba aláṣẹ tí gbogbo wọn ń rántí ti wá? Ìyẹn gan-an ni ìbéèrè. Wọn ò kúkú pa á mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn bàbá wọn àti bàbá àgbà wọn rí irú ọba bẹ́ẹ̀ lójú ara wọn. Òyìnbó ló ṣe é.

Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀, èèyàn wọn kò pọ̀ tó láti fi ṣàkóso, owó tí wọ́n fẹ́ ná kò sì tó nǹkan. Wọ́n nílò ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n lè dì mú tí owó orí kò bá pé. Àwọn àgbà tó ń ṣèpàdé ní ìlédì tí wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọlé, báwo ni àjẹ́lẹ̀ ṣe máa bá ìyẹn ṣiṣẹ́? Pàm̀pá ńkọ́, tó jẹ́ pé ta ló bá wà nípàdé ló lẹ́nu? Wọ́n kó gbogbo wọn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n mú ọba, wọ́n fún un ní ilé-ẹjọ́, wọ́n fún un ní akódà, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n, wọ́n fún un ní owó oṣù, wọ́n ní òun nìkan ni aláṣẹ ìbílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ọba lè jí láàárọ̀ kó ní kí wọ́n lọ mú ẹnìkan, wọ́n á sì mú un. Bàbá àgbà tó bá jẹ́ ọmọdé ní 1920 tàbí 1930 á rí i, á fojú ara ẹ̀ rí i, á sì sọ fún ọmọ ẹ̀ pé bí ọba ṣe ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó sọ òótọ́ ohun tó rí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kì í ṣe.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ mọ bóyá agbára tí kò sí ẹni tó lè bi í léèrè yẹn mú ìlú tòrò, ẹ jẹ́ ká dé Abẹ́òkúta, kò kúkú jìnnà. Aláké Adémọ́lá Kejì ni ọba níbẹ̀, òun nìkan sì ni aláṣẹ ìbílẹ̀ lójú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n gbé owó orí lé àwọn obìnrin lórí. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ, àwọn ọlọ́jà àti àwọn tó kàwé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, wọ́n lọ jókòó síwájú ààfin. Wọ́n kọrin, wọ́n sùn síbẹ̀, wọ́n kọ owó orí. Láti 1947 ni wọ́n ti ń fà á. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó gba Òṣogbo lọ, ó sì di ìparí 1950 kó tó padà. Wọ́n pa owó orí obìnrin rẹ́. Níbo ni ìtòrò wà nínú ìyẹn?

Ní Ìjẹ̀bú tiwa, ọdún 1929 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Awùjalẹ̀ Fọlágbadé lóyè, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin péré. Ọwọ́ tó gbé ọba gun orí gbogbo èèyàn náà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Òṣùgbó kọ́ ló yọ ọ́, ìlú kọ́ ló pè é jókòó. Ẹni tí ìlú kò bá lè bi léèrè mọ́, òyìnbó ló kù tí yóò bi í.

Kí n má gbàgbé Ṣàgámù. Ní 1872, àwọn ìlú Rẹ́mọ mélòó kan kó wá sójú kan nítorí ogun, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ṣàgámù. Kò sí èyí tó fi ọba ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Akárìgbò wà ní Ọ̀fin, Ewùsì wà ní Mákùn, àwọn mìíràn wà ládùúgbò tiwọn, pẹ̀lú adé, pẹ̀lú ìjòyè, pẹ̀lú Òṣùgbó. Àwọn aláṣẹ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi léèrè, gbogbo wọn nínú ìlú kan náà, tí àgbàlá ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti èkejì? Wọ́n ì bá ti pa ara wọn tán. Ìjókòó ni wọ́n fi ń gbé e, ìjókòó tó pọ̀ débi pé ó máa ń sú àwọn ọmọ Rẹ́mọ fúnra wọn.

Àwọn kan á ní ṣebí Kábíyèsí là ń kí wọn. Ẹ jọ̀ọ́. Ìkíni ni. A máa ń kí ìyàwó pé kò ní mọ ọ̀fọ̀ náà, ẹ̀yin ẹ lọ wo ilé ìyàwó.

Ẹlòmíràn á mú Baṣọ̀run Gáhà jáde, pé ìgbìmọ̀ náà lè burú, pé ẹ wo bó ṣe ń pa Aláàfin léraléra. Bẹ́ẹ̀ ni, ó burú. Kí ló ṣe é tó fi burú? Òun ni agbára tó ti já kúrò lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì tó kù kò lè ká a lọ́wọ́ kò mọ́, àwọn ọmọ ẹ̀ ń gba owó orí ká ìlú bó ṣe wù wọ́n, títí Abíọ́dún fi kó àwọn tó ṣẹ́gun ẹ̀ jọ ní 1774. Ẹni tó bá mú Gáhà wá bá mi, èmi ló ń bá ṣẹ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kò sì mọ sórí ọba. Mo ti gbọ́njú nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, lábẹ́ Gómìnà Bísí Ọnabánjọ, gbé ọ̀rọ̀ Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà kalẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó lọ jókòó sílé, tí wọ́n wá yọ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde ni gómìnà náà. Ilé wa pín sí méjì lórí ẹ̀. Àbúrò bàbá mi méjì kò kí ara wọn fún ọdún gbọọrọ. Àwọn tó ń ti ọba lẹ́yìn ní gómìnà kò lágbára láti fọwọ́ kan adé. Àwọn tó ń ti gómìnà lẹ́yìn ní ta ni ọba lójú ẹni tí aráàlú dìbò fún. Ilé-ẹjọ́ ló dá ọba padà nígbẹ̀yìn. Ohun tí mo rí dì mú nínú ẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ló ní òun ni agbára wà lọ́wọ́ òun, méjèèjì sì ló bá ẹnu ọ̀nà kan tí wọn ò lè fi tipá wọ̀. Àwọn tó ń sọ pé agbára tí wọ́n bá ń bi léèrè ti kú, kí wọ́n wo iye ọdún tí Adétọ̀nà lò lẹ́yìn ìyẹn: ó gun orí ìtẹ́ ní 1960, orí ẹ̀ ló wà títí di 2025.

Kí n wá sọ èyí tí mo mọ̀ délẹ̀, nítorí èmi ni akọ̀wé ẹbí wa. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí ta ilẹ̀ kan létí títì fún oníyanrìn. Kò pe ìpàdé. Típà ló sọ fún wa. Àwọn ọkùnrin ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní kọ̀rọ̀, pé àgbà ni, pé a ò lè bi í, pé òun ni ẹnu ẹbí. Èmi náà kọ lẹ́tà kan, mi ò rán an.

Àwọn ọmọ obìnrin ilé ni kò kùn. Ní Ìjẹ̀bú, ọmọ obìnrin ní ìpín, ọmọ tó bí náà ní ìpín, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ọkùnrin lọ. Wọ́n ká ẹní wá láàárọ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójúde bàbá. Wọ́n gbé gaàrí dání àti ẹja díndín, wọ́n bu omi, wọ́n ń mu gaàrí wọn. Kò sí èébú, kò sí ariwo. Ọ̀kan nínú wọn kàn dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ń fi ìka ka páànù tuntun tó wà lórí ilé bàbá, sókè ketekete, "ọ̀kan, méjì, mẹ́ta", tó bá dé ìparí á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá jáde, ojú ẹ̀ pọ́n: "Èmi ni olórí ẹbí yìí. Ta ló fẹ́ bi mí?" Àǹtí wa tó dàgbà jù kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní: "Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Kò sí ẹni tó wá bi yín. Owó la wá bi."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, owó jáde nínú ọ̀rá dúdú. Kò pé. Èyí tó ti di páànù, wọ́n fi sí ìwé, wọ́n yọ ọ́ nínú ìpín ẹ̀ lẹ́yìn náà. Òfin Nàìjíríà pàápàá ń bẹ lẹ́yìn wọn: olórí ẹbí tó bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìjẹ́ kí àwọn àgbààgbà ẹbí lọ́wọ́ sí i, ilé-ẹjọ́ lè wó títà náà tí wọ́n bá tètè ké gbàjarè, àwọn tó bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, wọn ò ta nǹkan kan rárá. Olórí kò lè ta láìsí ẹbí, ẹbí kò lè ta láìsí olórí. Oníyanrìn gba èyí tó kù nínú owó ẹ̀, ó fàbínúyọ, ó lọ.

Bàbá ṣì ni olórí ẹbí. A ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fún un, òun ló ń gbàdúrà tí a bá ń sin ìyàwó, tiẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé lára àgbò Iléyá. Tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ báyìí, á ní kí n kọ lẹ́tà sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí n má fo ti àwọn ọmọ obìnrin. Ọ̀kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìdí igi kan kò tíì buwọ́ lù ú, wọ́n ní owó náà kéré jù, nítorí náà ilẹ̀ kò tíì tà.